Róbọ́ọ̀tì tó ń fọ púùlù: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, báwo lẹ ṣe ń lò ó tí kì í fi í tètè bàjẹ́?

Omo_Igbogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbógbó níbí ni mo wà, Ìkòròdú, ilé ìgbàlejò ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bójú tó, ẹ̀gbọ́n fúnra wọn wà ní Houston. Púùlù wà nínú ọgbà, mítà 10 ní gígùn, 5 ní fífẹ̀, tó bá kún á tó nǹkan bíi lítà 75,000. Ẹ̀gbọ́n wá fi róbọ́ọ̀tì tó ń fọ púùlù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ó ti dé, àmọ́ mi ò tíì gbé e sómi torí mi ò fẹ́ fi ìkánjú ba nǹkan olówó ńlá jẹ́. Ó ní wáyà búlúù gígùn, ó ní àpótí iná kan tí wọ́n á so ó mọ́, búrọ́ọ̀ṣì wà níwájú àti lẹ́yìn, bẹ́líìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bíi ti katakata.

Ìbéèrè mi pọ̀. Iná tiwa níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó lè dé tagbáratagbára, ó sì lè dé kó jẹ́ háàfù kọ́rẹ́ǹtì, ṣé kò ní jó nǹkan yìí? Omi bóhóòlù wa ńkọ́, tó bá ń jáde ó mọ́ lóló, àmọ́ tí bọ̀ọ̀bọ̀ọ́ tó ń tọ́jú púùlù bá ti da kílórínì sí i báyìí, omi á pọ́n, á di àwọ̀ tíì, ṣé róbọ́ọ̀tì máa ń kó ìyẹn? Bọ̀ọ̀bọ̀ọ́ yẹn gan-an ti ń bi mí léèrè bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Waya_Ijede
Ẹ dúró ná o! Ẹ má tíì ki nǹkan yẹn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Amẹ́ríkà ló ti wá àbí? Iná tiwọn lọ́hùn-ún, 120 fólítì ni, tiwa níbí 230 ni. Ẹ yí àpótí iná yẹn padà kẹ́ ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ INPUT sí. Tó bá jẹ́ 100-240V ló wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, orí tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Tó bá wá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, tẹ́ ẹ bá fi iná wa kàn án pẹ́nrẹ́n, èéfín lẹ máa rí.

Omo_Igbogbo
Yéè! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. 120V, 60Hz. Kò sí 240 níbẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n Waya, Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Kí ni ṣíṣe báyìí?

Waya_Ijede
Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ̀gbọ́n yín béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n ní àpótí iná ti 230 tó bá irú róbọ́ọ̀tì yẹn mu, torí róbọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ kì í sábà ní wàhálà, àpótí yẹn nìkan ló mọ iye fólítì tó wà ní ìlú. Ìkejì ni kẹ́ ẹ ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, wọ́n ń tà á ní Alaba, wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan iná ní Ìkòròdú. Irú róbọ́ọ̀tì báyìí kì í sábà jẹ ju bíi 200 wáàtì lọ, àmọ́ ẹ má ra tíráńsífọ́mà 200 o, ẹ ra 500 kó má baà máa gbóná lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ohun tó ń ti inú àpótí iná yẹn lọ sínú omi, kì í ju 30 fólítì lọ, DC ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó má baà pa èèyàn. Ibi tó ń pa èèyàn ni ẹ̀gbẹ́ tó kàn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí àpótí yẹn fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí púùlù, ó kéré tán mítà 3 àbọ̀, ẹ gbé e sórí nǹkan, kó má jókòó sórí koríko tútù, kó wà lábẹ́ òrùlé níbi tí òjò àti oòrùn ò ti ní kàn án. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá máa lò, kó ní RCD, ìyẹn bíréékà tó máa ń já fúnra ẹ̀ tí iná bá ti ń jò díẹ̀, 30 mA lẹ máa bá lára ẹ̀. Àwọn extension tí wọ́n fi téèpù so káàkiri ọgbà yẹn, mo bẹ̀ yín, kó má dé ìtòsí púùlù. Tí róbọ́ọ̀tì bá sì wà nínú omi, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́, ì báà ṣe ọmọ, ì báà ṣe àlejò tó sanwó.

Ní ti NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi stabilizer síwájú ẹ̀. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré á gbé e, inverter náà á gbé e, àmọ́ kó jẹ́ inverter tó ń mú ojúlówó iná jáde, pure sine wave ni wọ́n ń pè é, àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn máa ń mú kí àpótí iná máa kùn, wọ́n sì máa ń bà á jẹ́. Tí iná bá lọ lójijì, róbọ́ọ̀tì á dúró síbi tó wà nísàlẹ̀ omi, kò sí ewu níbẹ̀. Tí iná bá dé, ẹ padà tẹ bọ́tìnnì ẹ̀.

Mama_Shortlet_Ẹ̀pẹ́
Èmi ò tiẹ̀ bá wọn fa wáyà, oníbátìrì ni mo rà. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ilé tí mò ń fi gba àlejò òpin ọ̀sẹ̀, púùlù tèmi kéré díẹ̀ sí tiyín. Mo máa ń ṣájì ẹ̀ ní ọ̀sán nígbà tí sólà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wákàtí mẹ́rin ló máa ń gbà á kó tó kún, á sì ṣiṣẹ́ bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Kò sí pé wáyà lọ́, kò sí pé wáyà kọ́ àlejò lẹ́sẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ibi tó kù sí. Bátìrì lithium ni, ọjọ́ orí wà fún un, tó bá ti gbó àkókò tó fi ń ṣiṣẹ́ á máa kúrú, owó bátìrì míì sì ga. Tó bá parí iṣẹ́, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nísàlẹ̀, ìkọ́ gígùn la fi ń fà á jáde. Ibi tí wọ́n ti ń ṣájì ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, mo ní aṣọ ìnura kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣájì ẹ̀ mọ́jú nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú oòrùn.

Ọmọ Ìgbógbó, oníwáyà tiyín yẹn á ṣiṣẹ́ pẹ́ jù tèmi lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti àtijọ́ ni.

Kunle_Odogunyan
Ẹ má bínú o, èmi ò rí ohun tí róbọ́ọ̀tì ń ṣe tí ọmọ tó mọṣẹ́ ò lè ṣe. Owó tí wọ́n ń ta nǹkan yìí, ó tó owó oṣù ọmọ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Pọ́ǹpù wà nílẹ̀, fílítà oníyanrìn wà nílẹ̀, fákúùmù tó ní ọ̀pá gígùn wà nílẹ̀. Kí la tún ń wá?

Baba_Pool_Agbadarigi
Ẹ kú àkókò gbogbo ilé. Àgbádárìgì ni mo fi ṣe ibùjókòó, iṣẹ́ púùlù ló sì ń gbé mi kiri.

Kunle, ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ wo èyí. Kí ọmọ yẹn tó lè lo fákúùmù, pọ́ǹpù ńlá gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù tó jẹ́ 1.5 HP ń jẹ iná tó lé ní 1,000 wáàtì. Tí kò bá sí NEPA, jẹ́nẹ́rétọ̀ ńlá nìyẹn, epo nìyẹn. Róbọ́ọ̀tì ní pọ́ǹpù tiẹ̀ nínú, ó ní fílítà tiẹ̀ nínú, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ pọ́ǹpù ilé. Ó tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ilẹ̀ àti ògiri bó ṣe ń lọ, ibi tí ọwọ́ ọmọ máa ń rẹ̀ tó máa ń fò kọjá, kò ní fò ó. Nǹkan tí kò lè ṣe wá pọ̀ o, kò lè wọn kílórínì, kò lè fọ fílítà oníyanrìn, kò lè kó ewé inú skimmer, ìyẹn ihò ara ògiri tó ń gba ìdọ̀tí ojú omi, kò mọ̀ bóyá omi ń ta èèyàn lójú. Ọmọ Ìgbógbó, má lé ọmọ yẹn lọ. Rà á ní nǹkan tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, eléyìí tí wọ́n ń kán oògùn sí, tí kílórínì máa fi àwọ̀ yẹ́lò hàn tí pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, máa fi àwọ̀ pupa hàn, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Ẹni tó mọ omi wò ṣọ̀wọ́n níbí yìí, ẹni tó mọ fákúùmù fà pọ̀ lọ jàra.

Ó wá ku bó o ṣe máa gbé e sómi. Kọ́kọ́ tú wáyà yẹn pátápátá, nà án gbọọrọ sínú oòrùn fún wákàtí díẹ̀ kó lè ṣíwọ́ àtiká, torí wáyà tó bá ṣì ń ká ni yóò lọ́ mọ́ra ẹ̀ nínú omi. So wáyà mọ́ àpótí iná, má tíì tan án. Di ibi ìdìmú róbọ́ọ̀tì mú, rọra rì í bọ omi, yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, wàá rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó jáde. Má jù ú sómi o, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń jù ú. Tí afẹ́fẹ́ bá kù nínú ẹ̀, á léfòó, táyà ẹ̀ ò ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìgbà tó bá ti rì tó jókòó sílẹ̀ púùlù lo ó tó tẹ bọ́tìnnì. Ìwọ̀n wáyà tó máa dé igun tó jìn jù lọ àti díẹ̀ sí i ni kó o tú sómi, kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

O ò gbọ́dọ̀ tan án lórí ilẹ̀ gbẹ, kódà kó jẹ́ láti fi han àlejò. Omi ló ń tu mọ́tò ẹ̀ lára, omi náà ló ń jẹ́ kí rọ́bà tó dí ìdí mọ́tò máa yọ̀. Tó bá yí ní gbígbẹ, rọ́bà yẹn á jẹ, omi á wọnú mọ́tò, ó parí nìyẹn.

Tó o bá fẹ́ gbé e jáde, pa á ná. Rọra fi wáyà fà á wá sókè omi, lẹ́yìn náà di ibi ìdìmú mú kó o tó gbé e, kó o sì jẹ́ kí omi inú ẹ̀ ṣàn padà sínú púùlù. Tó bá kún fómi ó wúwo gan-an, tí wọ́n bá fi wáyà gbé e kúrò lójú omi, ibi tí wáyà ti wọnú róbọ́ọ̀tì á já lọ́jọ́ kan.

Omo_Igbogbo
Bàbá ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kò síbi tó ń lọ, inú ẹ̀ dùn. Ẹ̀gbọ́n sì ti ń bá wa wá àpótí iná ti 230. Omi tó ń pọ́n yẹn ló kù, ẹ jọ̀ọ́.

Baba_Pool_Agbadarigi
Irin ló wà nínú omi bóhóòlù yín. Irin tó ti yọ́ sínú omi, ojú ò lè rí i, kílórínì ló ń sọ ọ́ di ìpẹtà, ìyẹn lẹ ṣe ń rí i tó ń pọ́n. Róbọ́ọ̀tì ò lè kó o bó ṣe wà yẹn, ó kúnná ju ihò fílítà ẹ̀ lọ, bó ṣe ń fà á wọlé lá máa tú u jáde padà.

Ohun tí a máa ń ṣe nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ da kílórínì sí i kó pọ́n tán, kí pọ́ǹpù máa yí i. Ẹ wá yọ́ álúmù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹ dà á yí púùlù ká, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù yí i pọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀ ẹ máa bá a nílẹ̀ púùlù, ó máa tò nílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan omi báyìí á tún rú. Ọmọ yẹn ló máa fi fákúùmù fà á, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ yí ọwọ́ fílítà sí WASTE kó máa dà sí kòtò, kó má gba inú iyanrìn fílítà kọjá. Omi máa dínkù, ẹ ó fi òmíràn kún un. Ẹ má gbé róbọ́ọ̀tì wọ ìdọ̀tí álúmù yẹn o! Ṣe lá dí fílítà ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, eléyìí tó bá kù á tún rú padà sínú omi.

Álúmù máa ń fa pH wálẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ti lọ sísàlẹ̀ jù ẹ fi soda ash gbé e sókè. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi sí ni pH 7.2 sí 7.6, kílórínì 1 sí 3 ppm, ìyẹn mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Omi tó bá kan jù ń jẹ rọ́bà àti irin ara róbọ́ọ̀tì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì da kílórínì púpọ̀ sí omi láti fi pa algae, nǹkan ewé tó ń yọ̀ lára ògiri yẹn, ẹ gbé róbọ́ọ̀tì jáde, ó dìgbà tí kílórínì bá ti wálẹ̀ padà kó tó wọ̀ ọ́.

Mama_Shortlet_Ẹ̀pẹ́
Bàbá, ẹ̀kọ́ ńlá nìyí. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ fílítà kún un torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣiṣẹ́ tán ni ẹ máa fọ fílítà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ da ìdọ̀tí nù, ẹ fi họ́ọ̀sì wẹ̀ ẹ́ láti inú síta kí ohun tó há sínú ihò ẹ̀ lè jáde. Ọṣẹ ò sí níbẹ̀ rárá, torí ọṣẹ tó bá kù á máa hó nínú púùlù. Ìdọ̀tí tó bá gbẹ mọ́ fílítà lójú oòrùn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ tún wo irun. Àwọn àlejò tèmi, àwọn obìnrin tó ń ṣe àtàṣímẹ́ǹtì, irun yẹn máa ń já sínú omi, kì í tú, kì í jẹrà. Á gba ẹnu ibi tí róbọ́ọ̀tì ti ń fa omi wọlé, á lọ wé mọ́ féènì kékeré inú ẹ̀. Èyí tí mo tú lọ́jọ́ kan, irun aláwọ̀ wáìnì àti dúdú ti wé mọ́ ìdí féènì yẹn fọnfọn, ẹ̀mú kékeré ni mo fi ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn tó jẹ́ pé abẹ ni mo fi gé e. Tẹ́ ẹ bá rí i pé róbọ́ọ̀tì ń rìn àmọ́ kò fa nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná pátápátá, ẹ tú ìdérí féènì yẹn, irun ni ẹ ó bá níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníkálukú fi fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ bo irun.

Topo_Alagbon
Ẹ̀yin ń sọ irun, tiwa níbí ní Tòpó, iyanrìn ni. Àwọn èèyàn ti etí òkun dé, iyanrìn wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n á bẹ́ sómi bẹ́ẹ̀. Ṣé iyanrìn ò ní ba róbọ́ọ̀tì jẹ́? Igi àgbọn náà wà lórí púùlù wa, òdòdó ẹ̀ máa ń gbọn sílẹ̀ ṣáá.

Baba_Pool_Agbadarigi
Aládùúgbò, iyanrìn á wọnú fílítà, á sì jókòó síbẹ̀, ìyẹn ò burú, ohun tó burú ni èyí tó bá wọ inú bẹ́líìtì àti ìdí táyà, ó máa ń lọ̀ wọ́n. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan abẹ́ ẹ̀ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e jáde. Ẹ ṣe ibi ìfọsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà púùlù, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ó sàn ju bẹ́líìtì tuntun lọ. Imọ̀ àgbọn tó bá já àti àwọn òdòdó ńlá, ẹ fi àwọ̀n kó o kúrò kí róbọ́ọ̀tì tó wọlé, tí imọ̀ kan bá há sẹ́nu ẹ̀, á máa yí ojú kan ṣáá ni. Atẹ́gùn iyọ̀ tó ń ti òkun bọ̀ yẹn náà, ó máa ń jẹ irin ibi tí wáyà ti wọ àpótí iná, ẹ nu ún gbẹ, ẹ má fi í sílẹ̀ lásán níta.

Omo_Igbogbo
Ẹ̀yin èèyàn mi, àpótí iná ti 230 ti dé, Ẹ̀gbọ́n Waya wá so RCD fún wa fúnra wọn. A ti kó ìpẹtà kúrò bí Bàbá ṣe wí, omi mọ́, ẹ máa rí táìlì ìsàlẹ̀ kedere. A gbé róbọ́ọ̀tì sí i, ó fọ ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmọ́ kì í gun ògiri, á gùn ún dé ìdajì á yọ̀ wálẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Baba_Pool_Agbadarigi
Kò bàjẹ́. Kọ́kọ́ fọ fílítà ẹ̀, tí fílítà bá kún, kò ní lè fa ara ẹ̀ mọ́ ògiri, torí fífà yẹn ló fi ń gùn. Tí ìyẹn bá ti mọ́ tó ṣì ń yọ̀, fọwọ́ ra ògiri táìlì yẹn lábẹ́ omi. Ṣé ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́?

Omo_Igbogbo
Ó ń yọ̀ o Bàbá, pàápàá lápá ibi tí oòrùn kì í dé.

Baba_Pool_Agbadarigi
Algae ti fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, ojú ò tíì rí i. Kí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn ha gbogbo ògiri yẹn, ẹ da kílórínì tó pọ̀ sí i nírọ̀lẹ́, kí róbọ́ọ̀tì wà níta. Tí kílórínì bá ti wálẹ̀, ẹ gbé e padà. Tó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, á jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà tó wà lára ẹ̀ ni kò lè di táìlì dídán mú, búrọ́ọ̀ṣì míì wà tó dà bíi fóòmù, PVA ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n ṣe fún táìlì. Ìyẹn gbọ́dọ̀ rẹ sómi kó rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tan róbọ́ọ̀tì, tó bá gbẹ ó máa ń le gbandi.

Omo_Igbogbo
Ó ti gùn ún! A ha ògiri, a fọ fílítà, ó gun ògiri dé ojú omi, ó ń fọ ìlà ọ̀rá òróró ìpara tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló kù: ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí àlejò, ṣé a lè fi í sílẹ̀ nínú omi kó máa gbébẹ̀?

Baba_Pool_Agbadarigi
Rárá o. Kílórínì á máa jẹ rọ́bà ẹ̀ lásán, oòrùn á máa jẹ wáyà. Ẹ gbé e jáde, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, ẹ fọ fílítà, ẹ ká wáyà ní ròbótó ńlá láìfún un pọ̀, ẹ gbé e síbi tí ibòji wà lábẹ́ òrùlé. Púùlù tí àlejò ò lò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó o, àyàfi ìgbà ọyẹ́ tí eruku ń bọ̀ lójoojúmọ́, ìgbà yẹn ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ọmọ máa yẹ pH wò lójoojúmọ́ bó ti wù kó rí, kí pọ́ǹpù ilé náà sì máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀.

Waya_Ijede
Kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì TEST ara RCD yẹn lóṣooṣù. Tí kò bá já nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pè mí, ẹ má lo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn títí màá fi dé.